Asìnkú Tó Lé Alárinà Kúrò Lórí Wáyà: Ìtàn Almon Strowger

Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe òǹkọ̀wé, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Asìnkú ni ọkùnrin náà. Iṣẹ́ pósí àti òkú ló fi ń jẹun. Síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti gbé fóònù láti pe ilé láti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Bí ẹ bá pe 300 nítorí owó ìpè yín tó ṣàdédé run, tí ohùn kan ní kí ẹ tẹ ení fún èyí, kí ẹ tẹ èjì fún tọ̀hún, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ kò rí ènìyàn kan bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí ni baba ńlá ohun tó ń dá yín lóhùn. Orúkọ rẹ̀ ni Almon Brown Strowger.

Ọdún 1839 ni wọ́n bí i ní Penfield, ìletò kan lẹ́bàá ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ tẹlifóònù láyé nígbà náà. Strowger ti lé ní ẹni ọdún 35 kí Alexander Graham Bell tó gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní oṣù kẹta ọdún 1876. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861, ogun tó fòpin sí ìkónilẹ́rú ní orílẹ̀-èdè náà, Strowger wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kẹjọ ti New York. Ó jà, kò kú. Lẹ́yìn ogun, ó ṣe iṣẹ́ tíṣà. Lẹ́yìn náà ló wá kọrí sí ìhà ìwọ̀-oòrùn bí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe nígbà náà, ó sì di asìnkú ní Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas, kó tó kọjá sí Kansas City ní ìpínlẹ̀ Missouri. Kò kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná níbì kankan. A fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn lọ.

Ní ilé tiwa, ọmọ òkú, ẹbí àti àna ló ń gbé ìnáwó òkú, kálukú sì mọ èyí tó kàn án. Lọ́dọ̀ tiwọn, iṣẹ́ àjẹ ni. Asìnkú ni yóò wẹ òkú, tí yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, tí yóò ta pósí, tí yóò sì yá ẹbí ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí yóò gbé òkú dé itẹ́. Òkú kì í dúró de ọjọ́ ọjà. Asìnkú tí ẹbí bá kọ́kọ́ rí pè ni yóò jẹ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni kejì kò ní rí kọ́bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí tẹlifóònù dé ìlú wọn, kì í ṣe ohun fàájì fún Strowger. Ojú wáyà yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n tẹlifóònù ayé ìgbà náà kì í ṣe irú tiwa. Kò ní nọ́ńbà tí à ń tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe ènìyàn yóò gbé e, yóò yí ọwọ́ kan tó wà lára rẹ̀, ìpè náà yóò sì dé ilé kan láàárín ìlú níbi tí gbogbo wáyà ti pàdé. Ẹ jẹ́ kí a máa pe ibẹ̀ ní ilé ìsowáyà. Ọmọbìnrin kan ló jókòó síbẹ̀ níwájú pátákó oníhò. Òun ni yóò béèrè ẹni tí wọ́n ń wá, òun náà ni yóò fi okùn wáyà so ihò ẹni tó ń pè mọ́ ihò ẹni tí wọ́n ń pè. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dára, wọ́n ń bú oníbàárà. Ní 1878 ni wọ́n gba Emma Nutt síṣẹ́ ní ìlú Boston, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é. Kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi di iṣẹ́ obìnrin níbi púpọ̀. Ní ìlú kékeré, ọmọbìnrin ilé ìsowáyà mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó mọ ọkùnrin tó ń pe ilé opó lálẹ́. Bí kò bá sì wù ú láti so ènìyàn pọ̀, tó ní ẹni náà kò gbé e, kò sí ohun tí oníbàárà lè fi já irọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Strowger nìyí. Ìtàn tí gbogbo ayé ń sọ ni pé asìnkú mìíràn wà nínú ìlú, ìyàwó rẹ̀ ló sì jókòó nílé ìsowáyà. Àwọn mìíràn ní ìbátan rẹ̀ ni, kì í ṣe ìyàwó. Bí ẹbí òkú bá ní kí wọ́n so àwọn mọ́ Strowger, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ ni obìnrin yìí ń so wọ́n mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀rẹ́ Strowger kan kú, inú ìwé ìròyìn ló ti kà á pé asìnkú kejì ló sin ọ̀rẹ́ òun. Ẹ fojú inú wo irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀: òkú ọ̀rẹ́ lọ, owó iṣẹ́ lọ. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní tiwọn máa ń sọ ìtàn mìíràn. Wọ́n ní pátákó onírin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń mì nínú afẹ́fẹ́, tó ń kan wáyà, tí ìpè fi ń kú sójú ọ̀nà, pé kò sí ẹni tó ṣe é níbi. Lójú tiwa, bí pátákó náà bá tilẹ̀ jẹ̀bi, ìyẹn kò sọ ìbínú Strowger di asán. Ẹni tí kò lè rí ohun tí alárinà ń ṣe kò sí lábẹ́ òfin tó ní kó máa ro rere.

Ẹlòmíràn ì bá pe ẹjọ́. Ẹlòmíràn ì bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìsowáyà lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi lé e. Strowger rò ó pé ohun tó dára jù ni kí ẹnikẹ́ni má sí láàárín mọ́ rárá, kí ẹni tó ń pè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà láti inú ilé rẹ̀. Wọ́n ní páálí róbótó kan tí àwọn ọkùnrin ìgbà náà ń kó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì sí ló mú, ó to píìnì sí i lára yípo, ó sì fi pẹ́ńsù kan sí àárín kó lè máa fi bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe ṣiṣẹ́ han ara rẹ̀.

Ohun tó rí nínú páálí náà kò le, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ronú àgbá kékeré kan tí a to ojú irin sí inú rẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ojú irin mẹ́wàá. Ojú irin ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wáyà ilé kan. Apá irin kan dúró láàárín. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé 34 ni ẹ ń wá. Iná yóò ta apá náà jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò gòkè dé ìlà kẹta. Iná yóò tún ta á jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò yí dé ojú kẹrin nínú ìlà náà. Ó ti kan wáyà ilé tí ẹ ń wá nìyẹn. Kò béèrè orúkọ yín, kò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ sọ, kò sì ní ọkọ tó ń ta pósí. Bí ilé bá ju ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ to irú apá bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, kí èyí àkọ́kọ́ yan ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e yan ilé. Ọ̀nà yìí ni ayé ń pè ní ọ̀nà Strowger.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1889 ló béèrè fún ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 1891 ni wọ́n fún un, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 447,918. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Láìpẹ́, òun àti Walter tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn olówó bíi Joseph Harris àti Moses Meyer, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1891. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1892, wọ́n ṣí ilé ìsowáyà àkọ́kọ́ tí kò ní ẹni tó ń so wáyà, ní ìlú La Porte ní ìpínlẹ̀ Indiana. La Porte kò ní tẹlifóònù lásìkò náà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Bell ti fi ẹjọ́ ti ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe é níbẹ̀ pa. Ilẹ̀ tí kò sí olówó lórí rẹ̀ ni wọ́n bá, bí ọ̀pọ̀ ohun tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tó lé díẹ̀ ní àádọ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó dùn ún lò. Tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan nílò wáyà márùn-ún, àti bátìrì nínú ilé. Bọ́tìnnì ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà: ọ̀kan fún ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kan fún ẹyọ. Ẹni tó ń wá 34 yóò tẹ ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò tẹ èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò máa fi ẹnu kà á. Bí ọmọ bá ké nínú ilé, òǹkà ti dàrú nìyẹn, ẹ ó sì jí aládùúgbò tí ẹ kò wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n gbà síṣẹ́, Alexander Keith àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Erickson, ló tún un ṣe. Ní 1896 wọ́n mú kẹ̀kẹ́ róbótó tí à ń fi ìka yí jáde. Bí a bá yí i tí a sì fi sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa já iná tí yóò sì máa so ó padà ní iye ìgbà tó yẹ bó ti ń padà sáyè rẹ̀. Àwọn òbí wa tó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì láyé NITEL mọ kẹ̀kẹ́ yìí dáadáa, wọ́n sì mọ àgádágodo kékeré tí ọ̀gá máa ń fi tì í kí ẹnikẹ́ni má baà pe ìlú òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà jáde, Strowger ti ń ṣí kúrò níbẹ̀. Ní 1896 ó ta àwọn ìwé àṣẹ rẹ̀ ní dọ́là 1,800. Ní 1898 ó ta ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà ní dọ́là 10,000. Ó kó lọ sí St. Petersburg ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí òtútù kò ti pọ̀, ìwé ilé-iṣẹ́ ìsìnkú kan níbẹ̀ sì fi hàn pé kò fi iṣẹ́ òkú sílẹ̀ tán. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1902, ní ẹni ọdún 63. Ní 1916, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Bell san mílíọ̀nù dọ́là méjì àti ààbọ̀ lórí àwọn ìwé àṣẹ tó tà ní 1,800 yẹn. Ilé-iṣẹ́ Bell yìí kan náà ló ti wo ẹ̀rọ rẹ̀ bí eré ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀rọ náà ràn káyé. Ní 1912 ó dé ìlú Epsom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, okùn tẹlifóònù 18,724 ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé ìsowáyà jẹ́ 121. Nínú wọn, 116 ni ènìyàn ń fi ọwọ́ so. Márùn-ún péré ló ń dá ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọdún 68 lẹ́yìn La Porte, alárinà ṣì jókòó sójú wáyà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, ó ń gbọ́ ohun gbogbo.

Ibo wá ni nọ́ńbà tí à ń tẹ̀ fún ohùn ẹ̀rọ lónìí ti wá? Kẹ̀kẹ́ Strowger ní àbùkù kan. Iná tó ń já tó ń padà kò kọjá ilé ìsowáyà. Bí ìpè bá ti sopọ̀ tán, ẹ lè yí kẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹni tó wà lódì kejì kò ní gbọ́ ju kò-kò-kò lásán. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Bell wá rò ó pé kí nọ́ńbà di ìró, nítorí ibi tí ohùn ènìyàn bá dé ni ìró lè dé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1963, wọ́n mú tẹlifóònù onítẹ̀ jáde fún aráàlú ní Carnegie àti Greensburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló ní. Ní 1968 ni àmì ìràwọ̀ àti àmì # wọlé. John Karlin, ọmọ bíbí Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Bell, ló darí ìwádìí tó jẹ́ kí a to ení, èjì, ẹ̀ta sókè bó ti wà lórí fóònù yín báyìí.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìró méjì tó dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti inú ìlà tó wà, ọ̀kan láti inú òpó tó wà. Bí ẹ bá tẹ 5, ọ̀kan ń gbọ̀n nígbà 770 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èkejì ń gbọ̀n nígbà 1,336. Wọ́n fi méjì ṣe é kí ohùn ènìyàn tàbí orin má baà ṣèèṣì jọ ọ́. Ẹ̀rọ tó wà lódì kejì ń gbọ́ ọ bí ọmọ onílù ti ń gbọ́ dùndún: kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀, ìró lásán ni, ó sì yé e. Láti ibẹ̀ ni ilé ìfowópamọ́ ti lè fi ẹ̀rọ gba nọ́ńbà àkáǹtì, tí ẹ̀rọ lè gba iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí nílé.

Fóònù alágbèéká, tó gbòde ní Nàìjíríà láti 2001, tún mú ọgbọ́n mìíràn wá. Fóònù GSM máa ń fún ohùn wa pọ̀ kéré kó tó fi í ránṣẹ́, ohùn ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n fún. Bó bá fún ìró méjèèjì yẹn pọ̀, wọ́n lè bàjẹ́. Nítorí náà, kì í fi ìró ránṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá tẹ 5, ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìsowáyà pé a tẹ 5, ilé ìsowáyà ló ń lu ìró náà sójú ọ̀nà. Èyí tí ẹ gbọ́ létí yín, fún ìtẹ́lọ́rùn yín ni. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀rọ yóò béèrè ìdáhùn, ẹ lè kọ ọ́ mọ́ nọ́ńbà ṣáájú: lẹ́tà p lórí àwọn fóònù kékeré, tàbí àmì kọ́mà lórí àwọn tuntun, ní kí fóònù sinmi díẹ̀ kó tó tẹ ìyókù fúnra rẹ̀. Kí ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ *310# tí à ń fi wo owó ìpè. Ìyẹn kì í ṣe ìró, kì í gba ojú ọ̀nà ohùn kọjá. Iṣẹ́ kúkurú ni láàárín fóònù àti ilé-iṣẹ́.

Ohun kan wà tí a kò fẹ́ fò dá. Ìró tó bá lè dé etí ẹ̀rọ lè dé etí ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ìpè náà sílẹ̀ lè yọ nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá pè yín tó ní ilé ìfowópamọ́ ni òun, tó ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín sórí fóònù, obìnrin ilé ìsowáyà Kansas City ló padà dé yẹn, kì í sì í ṣe pósí ló ń wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń so wáyà ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan, bó bá tilẹ̀ ṣẹ̀, ni Strowger dá lé gbogbo wọn lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olóòótọ́, tó ń pe dókítà lóru fún aláboyún, tó ń pe panápaná kí onílé tó mọ̀. Bí ẹ̀rọ ti ń wọ ìlú kan, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, títí kan ìlú Norfolk ní Virginia níbi tí Bell fúnra rẹ̀ ti gbà á wọlé ní 1919. A kò lè sọ pé Strowger ṣe burúkú. A kò sì lè sọ pé ẹni tó ti tẹ òdo fún ogún ìṣẹ́jú, tó ń wá ènìyàn ẹlẹ́ran-ara kan tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kò ní rántí àwọn ọmọbìnrin náà sí rere.

Ẹ̀rọ Strowger tó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dákẹ́ ní 1995, ní Crawford ní Scotland. Ní 2006, ní ọdún 104 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ońhùmọ̀ tí wọ́n ń bọlá fún. Sàréè rẹ̀ wà ní itẹ́ Greenwood ní St. Petersburg. Òkúta funfun tí wọ́n máa ń fún ọmọ ogun ló wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kẹjọ ti New York ni wọ́n kọ sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lórí rẹ̀. Ní 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tó wá mú pátákó idẹ kan wá, wọ́n sì gbé e sórí sàréè náà.